Orí Keje: Dúró Ládiípọ̀ àti Eré Ìtàgé tí Ohùn Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Rẹ̀

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí ẹ bá ka orí yìí tán, ẹ ó lè:
(a) sọ bí Dúró Ládiípọ̀ ṣe ti ìdí kàńtátà ilé ìjọsìn bọ́ sí ìdí eré ìtàgé;
(b) ṣe àkópọ̀ ìtàn inú Ọba Mọ́rọ̀, Ọba Kò So àti Ọba Wàjà;
(d) tọ́ka sí iṣẹ́ tí oríkì, ọfọ̀ àti ìlù ń ṣe nínú àwọn eré náà;
(e) fi Ọba Wàjà wé eré Wọlé Ṣóyínká tí ó dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà.

7.1 Ìlù tí ó dá ìjà sílẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Òṣogbo ṣe kàńtátà Ọdún Àjíǹde fún ìjọ Áńgílíkà. Inú Bíbélì ni ó ti mú ìtàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bá a jà nítorí ìtàn. Ìlù ni ìjà. Dùndún ni ó gbé wọ ilé Ọlọ́run, ìlù tí àwọn àgbà ìjọ mọ̀ mọ ojúbọ òrìṣà àti òde ijó. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́.

Kí ló dé tí olùkọ́ yìí kò fi dúró ti dùùrù tí gbogbo ìjọ mọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú orin ìjọ ìgbà náà jẹ́ orin Òyìnbó tí a ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀. Ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni orin lè ti máa gòkè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Ohùn ni ó ya ọkọ ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi. Bí orin bá gbé ìparí ọkọ̀ sókè, ẹni tí ó ń retí ọkọ̀ ti di ẹni tí ó gbé ọkọ́ dání. Ẹni tí ó ń lu dùndún kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí ohùn ọ̀rọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ náà ni Dúró Ládiípọ̀. Ìjà ìlù yìí ni ó sọ ọ́ di òǹkọ̀wé eré. Ohun tí ó sì jà fún lọ́jọ́ náà ni a ó máa bá pàdé nínú gbogbo eré rẹ̀: iṣẹ́ tí idà ń ṣe nínú eré ẹlòmíràn, ohùn ni ó ń ṣe é nínú tirẹ̀.

7.2 Orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ti wá

Òṣogbo ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá. Àwọn ìwé kan kọ ọdún rẹ̀ sí 1926, òmíràn sì kọ ọ́ sí 1931. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Dúródọlá Dúróṣọmọ Dúróoríìkẹ́ Timothy Àdìsá Ládiípọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní béèrè ohun tí ojú àwọn òbí rẹ̀ ti rí kí wọ́n tó bí i. Orúkọ àbíkú ni wọ́n, ẹ̀bẹ̀ sì ni: dúró kí o rí ọlà, dúró kí o ṣe ọmọ, dúró kí a kẹ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ kátíkíìsì ni bàbá rẹ̀. Nínú ilé kátíkíìsì pàápàá, wọ́n gbà pé ohun tí a bá ń pe ọmọ lè dá a dúró sáyé. Kí a tó dé orí ìtàgé rárá, ohùn ti ń ṣiṣẹ́.

Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó sì ṣe olùkọ́ ní Kàdúná, níbi tí ó ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe eré Shakespeare. Nígbà tí ó padà sí Òṣogbo, ó ń kọ́ ọmọ, ó ń kọ orin fún ìjọ, ó sì ṣí ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Ẹ fi ilé ọtí yìí sọ́kàn; a ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ládiípọ̀ kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe irú eré báyìí. Àwọn alárìnjó ti ń jó kiri láti ayé àwọn Aláàfin. Ní 1944, Hubert Ògúǹdé gbé eré rẹ̀ tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì jáde ní Èkó, láti inú ìjọ Aládùúrà ni òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá tẹ̀ lé e. Ògúǹdé a máa lo fèrè Òyìnbó àti gìtá, orin rẹ̀ a sì máa tọ àṣà tí ó gbòde. Ládiípọ̀ yí ojú sí òdìkejì: ó kó àwọn ohun èlò Òyìnbó kúrò nínú eré rẹ̀, ó sì gbé bàtá àti dùndún síwájú.

7.3 Mbárí Mbáyọ̀

Nígbà tí ìjọ ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn mìíràn ṣí ní Ìbàdàn. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ níbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Beier pe Ládiípọ̀ kí ó wá ṣe kàńtátà rẹ̀ fún wọn. Ìlù tí wọ́n lé jáde ní Òṣogbo rí ilé ní Ìbàdàn.

Lẹ́yìn èyí ni Ládiípọ̀ pinnu láti dá irú ibẹ̀ sílẹ̀ nílé. Popular Bar ni ó yí padà di gbọ̀ngàn eré, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta 1962. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari: ilé ọnà tí wọ́n ń mọ fún òrìṣà ilẹ̀ ní agbègbè Owerri. Ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn ará Òṣogbo. Kí wọ́n má bàa pe ohun tí kò yé wọn, wọ́n fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n sì fi kún un: Mbárí Mbáyọ̀, bí mo bá rí i, n bá yọ̀. Ìlú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ilé náà ní orúkọ, ilé náà sì di tiwọn.

Ní gbọ̀ngàn yìí, òṣèré àti ayàwòrán kò ní ààlà láàárín ara wọn. Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ kí wọ́n tó di ayàwòrán. Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, oníjó ni ó bá dé. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ni ó ń bójú tó iná ìtàgé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà tí Georgina Beier ṣe ní 1964 ni ó la ọ̀nà fún púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí a ń pè ní ọnà Òṣogbo lónìí, ẹgbẹ́ eré kan ni ó bí apá kan nínú rẹ̀.

7.4 Ọba mẹ́ta

Láàárín 1962 sí 1964, Ládiípọ̀ gbé eré mẹ́ta jáde tí àkọlé wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọba. Ẹ kíyèsí i pé odidi gbólóhùn ni àkọlé kọ̀ọ̀kan: ọba mú ọ̀rọ̀ (iwin), ọba kò so, ọba wọ àjà. Ohun tí ará ìlú ń sọ nípa ọba lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(a) Ọba Mọ́rọ̀ (1962)

Eré yìí ni wọ́n fi ṣí Mbárí Mbáyọ̀. Aláàfin Abípa ni ìtàn rẹ̀ dá lé. Ìgbòho ni àwọn ọba Ọ̀yọ́ ń gbé lẹ́yìn tí ogun lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, Abípa sì fẹ́ kí wọ́n padà sílé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Ìgbòho ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ jọ, wọ́n rán wọn lọ fara pamọ́ sí Ọ̀yọ́ Ilé, kí wọ́n máa ké lóru bí iwin pé kò sí àyè níbẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba gbọ́ igbe náà, ẹ̀rù bà wọ́n. Ọba ní tirẹ̀ rán àwọn ọdẹ lọ. Àwọn ọdẹ mú gbogbo iwin náà láàyè, ènìyàn ni wọ́n bá. Ọba wá se àsè fún àwọn ìjòyè, ó sì ní kí olúkúlùkù àwọn iwin èké náà gbé ọtí síwájú ẹni tí ó rán an.

Igbe ni àwọn ìjòyè fẹ́ fi ṣe ìjọba. Ọba kò bá igbe náà jiyàn. Ó ní kí wọ́n lọ wo ẹnu tí ó ti ń jáde. Èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa ohùn nínú eré Ládiípọ̀: ohùn lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ó ni ín.

(b) Ọba Kò So (1963)

Àjọ̀dún kìíní Mbárí Mbáyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yìí fún, òun sì ni ó gbé orúkọ Ládiípọ̀ káyé. Ṣàngó ni Aláàfin. Ó ní jagunjagun méjì: Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná àti Gbọ̀ọ́nkáà Èbìrì. Ogun wọn ti sú ará ìlú. Kí ọba lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Tìmì gbilẹ̀ níbẹ̀, ó ń di ọba láàyè ara rẹ̀. Ṣàngó wá rán Gbọ̀ọ́nkáà lọ mú un wá. Gbọ̀ọ́nkáà mú un dé Ọ̀yọ́, Ṣàngó sì ní kí wọ́n tún ìjà náà jà lójú òun. Gbọ̀ọ́nkáà pa Tìmì, ó sì kọjú sí ọba fúnra rẹ̀. Ṣàngó fi ìbínú jà títí tí ó fi kan àwọn ènìyàn tirẹ̀. Wọ́n tú ká kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ọya aya rẹ̀ náà padà. Nígbẹ̀yìn, igi àyàn ni ó kù.

Ẹ wo ìjà Ẹdẹ dáadáa. Tìmì ní ọfà iná. Gbọ̀ọ́nkáà kò fi ohun ìjà borí rẹ̀. Ọfọ̀ ni ó fi borí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó fi oorun kùn ún. Ọmọ eré tí kò bá mọ ọfọ̀ pè kò lè ṣe Gbọ̀ọ́nkáà, nítorí bí ọfọ̀ náà bá tẹ̀ síbì kan, òǹwòran kò ní gbà pé Tìmì lè sùn. Lérè Páímọ́ ni ó gbajúmọ̀ nínú ipa yìí.

Àkọlé eré ni ó gbé ohun tí ó tóbi jù dání. Ẹni tí ó kọjá lábẹ́ igi àyàn lè sọ pé ọba so. Àwọn tí ó fẹ́ràn Ṣàngó ní ọba kò so. Ìyàtọ̀ gbólóhùn méjèèjì kò ju sílébù kan lọ, kò. Sílébù kan yìí ni ó gba ọba kúrò lọ́wọ́ ìtìjú, tí ó sì sọ ọ́ di òrìṣà. Bí eré náà ṣe ń parí lọ, òǹwòran ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, síbẹ̀ òun náà yóò bá wọn kọrin pé ọba kò so. Ládiípọ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó kàn jẹ́ kí etí borí ojú.

(d) Ọba Wàjà (1964)

Ìtàn eré yìí kò jìnnà sí ìgbà tirẹ̀. Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní ìparí 1944. Ó yẹ kí Olókùn-Ẹṣin, ìjòyè ọba, bá ọba rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó kò gbà, ọmọ Olókùn-Ẹṣin sì kú dípò bàbá rẹ̀. Nínú eré Ládiípọ̀, Dáwúdù ni orúkọ ọmọ náà. Òwò ni ó ń ṣe ní Gold Coast nígbà tí ó gbọ́ pé ọba wàjà. Ó mọ ohun tí gbólóhùn náà túmọ̀ sí: bàbá òun náà ti kú. Ó wálé láti sin bàbá, ó bá a láàyè.

A kì í sọ pé ọba kú. A ní ọba wàjà, ìyẹn ni pé ó gun òkè lọ bá àwọn baba ńlá rẹ̀. Lójú Dáwúdù, ẹni tí ó bá sọ gbólóhùn yìí ti sọ ikú ẹni méjì. Ajẹ́lẹ̀ gbọ́ ìdajì rẹ̀. Àṣìgbọ́ yìí ni eré náà dá lé, ó sì mú wa padà sí ìjà ìlù nínú ilé ìjọsìn: ohun tí à ń sọ àti ohun tí ẹlòmíràn ń gbọ́.

Ní 1975, Wọlé Ṣóyínká tẹ eré tirẹ̀ jáde lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá pẹ̀lú àkọlé Ikú Olókùn-Ẹṣin. Ọmọ inú eré Ṣóyínká ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú Òyìnbó, ó mọ ilé Òyìnbó débi tí ó fi lè bá ìyàwó ajẹ́lẹ̀ fèrò wérò. Oníṣòwò ni Dáwúdù. Kò bá Òyìnbó jiyàn. Ṣóyínká bi Olókùn-Ẹṣin fúnra rẹ̀ léèrè bóyá ìfẹ́ ayé ni ó dá a dúró. Ọwọ́ ajẹ́lẹ̀ ni Ládiípọ̀ gbé ẹ̀bi náà lé jù.

7.5 Bí ó ṣe ń kọ eré

Ládiípọ̀ ni ó ń kọ ọ̀rọ̀, òun ni ó ń ṣe orin, òun ni olùdarí, òun náà ni ó sì ń ṣe Ṣàngó. Kì í jókòó ti tábìlì nìkan. Ó ń lọ bá àwọn adósù Ṣàngó, babaláwo, akígbe ọba àti onílù, ó ń gba oríkì lẹ́nu wọn. Nítorí èyí, ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ mẹ́ta láti inú Ọba Kò So:

(a) Ṣàngó: Ṣàngó-pípè àti bàtá. Ìlù bàtá máa ń já lu ara wọn bí àrá ṣe ń sán, kì í fà bí dùndún. Bí ìyáàlù bàtá bá ti dún, òǹwòran ti mọ ẹni tí ń bọ̀ kí ó tó yọjú.
(b) Àwọn ayaba: oríkì. Oríkì ni ó ń mú orí ọba wú, òun náà ni ó ń tì í dé ibi tí kò ti lè padà. Ọba tí a ń kì pé iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ kò lè fi omi pa ìjà.
(d) Gbọ̀ọ́nkáà: ọfọ̀. Oríkì ń sọ ohun tí ènìyàn jẹ́. Ọfọ̀ ń pàṣẹ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìjà ọba àti jagunjagun rẹ̀ ti di ìjà láàárín oríkì àti ọfọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìwé eré náà láìgbọ́ ohùn rẹ̀ yóò rí ìtàn, ṣùgbọ́n yóò pàdánù ìjà.

7.6 Láti Òṣogbo dé òkè òkun

Ní 1964, wọ́n gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní Jámánì. Ní 1965, wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi àjọ̀dún ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, ìjọba Nàìjíríà sì fi oyè M.O.N. dá Ládiípọ̀ lọ́lá ní ọdún náà. Ní 1975, eré náà dé Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò dúró lórí ọba mẹ́ta. Eré rẹ̀ mìíràn, Ẹ̀dá, wá láti inú eré Jedermann tí Hugo von Hofmannsthal kọ ní èdè Jámánì, tí òun náà gbé e ka orí eré Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan: ikú dé láti mú olówó lọ, olówó ń wá ẹni tí yóò sin òun, kò rí. Ipa olówó yìí ni Lérè Páímọ́ ti gba orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n, Ẹ̀dá Onílé Ọlá. Eré Mọ́remí sọ ìtàn ayaba Ifẹ̀ tí ó jẹ́ kí àwọn Ìgbò mú òun lẹ́rú kí ó lè mọ àṣírí wọn, tí ó sì fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Níhìn-ín pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde lẹ́nu ni kò ṣe é kó padà. Ìyàwó Ládiípọ̀, Abíọ́dún, ni ó ṣe Mọ́remí, òun náà ni ó ṣe Ọya. Orúkọ Mọ́remí sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lórí tẹlifíṣàn, eré Bọ́dé Wáàsinmi gbé ẹgbẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè dé gbọ̀ngàn.

Ládiípọ̀ kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1978. Títí di òní, àwọn ènìyàn ń sọ pé òjò àti àrá ni ó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, pé Ṣàngó ni ó wá mú ẹni tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tiwa nínú ìwé yìí kọ́ ni láti wádìí òjò. Ẹ kàn kíyèsí i pé ohun tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ẹnu ṣe fún ọba wọn lábẹ́ igi àyàn, òun ni òǹwòran fi ẹnu ṣe fún òṣèré.

7.7 Ohun tí àwọn ènìyàn ń bá a jiyàn lé

Àwọn onígbàgbọ́ kan ní ó ń gbé òrìṣà lárugẹ. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ Ulli Beier ti wọ iṣẹ́ rẹ̀ jù, pàápàá nítorí pé Beier ni ó kọ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tẹ̀ ní 1964. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì kò ní bàtá nínú, kò sì ní ohùn. Ẹni tí ó bá fi í ṣe òdiwọ̀n Ládiípọ̀, òjìji ni ó wọ̀n.

Àríyànjiyàn kẹta jẹ́ ti onítàn. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, ayé Aláàfin Kòrí ni Tìmì lọ tẹ Ẹdẹ dó, kì í ṣe ayé Ṣàngó. Ládiípọ̀ ti so ìtàn méjì pọ̀. Onítàn lè pe èyí ní àṣìṣe. Òǹkọ̀wé eré nílò ọba kan tí agbára àwọn tirẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì rí i níbi tí àwọn apohùn ti ń so àwọn ìtàn náà pọ̀ kí ó tó dé.

Àkótán

Dúró Ládiípọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù tí ìjọ kọ̀. Ó kọ́ ilé fún ìlù náà ní Òṣogbo, ó sì gbé eré kalẹ̀ lórí rẹ̀ nínú èyí tí igbe ń lé ìlú, ọfọ̀ ń mú jagunjagun, oríkì ń ti ọba, gbólóhùn kan sì ń pa ẹni méjì tàbí kí ó sọ òkú di òrìṣà.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Kí ni ó fà á tí ìjọ fi kọ kàńtátà Ládiípọ̀, kí sì ni ó fà á tí Ládiípọ̀ fi yan dùndún? Ṣàlàyé pẹ̀lú àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀ síra wọn.
2. Fi ìlò ohùn nínú Ọba Mọ́rọ̀ wé ìlò rẹ̀ nínú Ọba Kò So.
3. “Ajẹ́lẹ̀ gbọ́ ìdajì rẹ̀.” Jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí nípa Ọba Wàjà.
4. Ṣé òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ láti so ìtàn ọba méjì pọ̀? Sọ èrò tìrẹ, kí o sì gbè é lẹ́sẹ̀.
5. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: ẹ lọ bá àgbà kan ní àdúgbò yín, ẹ gba oríkì ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ìran kan tí kò ju ojú ìwé méjì lọ, níbi tí oríkì náà yóò ti mú ẹ̀dá ìtàn kan ṣe ohun tí kò ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe é lójú kíláàsì, kí onílù wà níbẹ̀.